Ṣé ká ra ilé sí etíkun Walton, àbí ká jókòó sí Woolwich?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ìyàwó ilé kan ní Woolwich, Lọ́ńdọ̀nù:

“Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi ń gbé fúláàtì oníyàrá méjì níbí, £1,750 lóṣù, pẹ̀lú ọmọ méjì. Nọ́ọ̀sì lọkọ mi, long day (iṣẹ́ wákàtí méjìlá) mẹ́ta lọ́sẹ̀. Iṣẹ́ care lèmi ń ṣe. A gbé àwọn ọmọ lọ ṣeré ní Walton-on-the-Naze, létíkun Essex, ní oṣù kẹjọ, la bá rí ilé oníyàrá mẹ́ta lójú fèrèsé ejẹ́ǹtì: £240,000! Owó yẹn ò lè ra yàrá kan àbọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní orí wa ti yí, pé kí lẹni dúdú ń wá lọ sópin ayé. Ọkọ mi ti ń palẹ̀ owó mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ibẹ̀, ṣé ká rà á?”

* * *

Ìyàwó wa, ọdún kẹjọ mi rèé ní Walton. Peckham ni mo ti kó wá, iṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló gbé mi débí, mi ò sì tíì kábàámọ̀. Nítorí náà ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé orí yín yí.

Ṣùgbọ́n oṣù kẹjọ lẹ lọ! Ní oṣù kẹjọ, kò sí ìlú etíkun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kì í múra bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ọmọdé kún orí yanrìn, áísíkíriìmù ń kán sílẹ̀, òòrùn kì í wọ̀ títí aago mẹ́jọ fi kọjá. Ẹ padà lọ ní oṣù kejì, ọjọ́ Túsìdeè, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ píà. Afẹ́fẹ́ tó ń tojú òkun bọ̀ á gba inú jákẹ́ẹ̀tì yín kọjá bíi pé ìhòòhò lẹ wà. Ìsọ̀ ẹja díndín ti pa. Àwọn ahéré onígi aláràbarà tẹ́ ẹ yà ní fọ́tò, kọ́kọ́rọ́ ti wà lẹ́nu gbogbo wọn. Ẹni tẹ́ ẹ máa rí ò ju bàbá arúgbó kan àti ajá rẹ̀ lọ, ajá yẹn gan-an ń fẹ́ lọlé.

Bẹ́ ẹ bá dúró níbẹ̀ fún wákàtí kan tí ọkàn yín ṣì sọ pé “ibí ni”, ó yá, ká sọ̀rọ̀ owó. Ìmọ̀ràn tèmi ò gùn: ẹ kọ́kọ́ háyà ilé níbẹ̀, láti oṣù kẹwàá di oṣù kẹta, kẹ́ ẹ tó rà. Mo mọ̀ pé wọ́n máa bú mi.

* * *

Wọ́n ti bú mi. Ẹ̀gbọ́n kan láti Dagenham ní: “Owó rẹ́ǹtì, owó tó jóná ni. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé kó rà á kíá kí owó ilé tó tún gòkè.”

Bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń rò ó nìyẹn. Tó bá jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù là ń sọ, mi ò ní bá ẹ̀gbọ́n jiyàn. Ṣùgbọ́n ìlú kékeré etíkun kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù. Ibí, àtirà ò le, àtità niṣẹ́. Ta ló ń ra ilé ní Walton? Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù, wọ́n sì fẹ́ bungalow, ilé tí kò ní àtẹ̀gùn, nítorí orúnkún. Ilé alájà méjì oníyàrá mẹ́ta tẹ́ ẹ rí yẹn, ìdí tó fi wà lójú fèrèsé ejẹ́ǹtì látàárọ̀ ò ju ìyẹn náà lọ.

Mo bá tọkọtaya kan ṣiṣẹ́, ọmọ wa ni wọ́n. Oṣù keje ni wọ́n rà. Ọdún ò tíì yí po tí ìyàwó fi ń sunkún lórí fóònù pé òun ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé ilé sọ́jà ní oṣù kẹta. Oṣù mẹ́rìnlá ló lò lọ́jà. Wọ́n ń san mortgage, gbèsè báǹkì lórí ilé, níbí, wọ́n ń san rẹ́ǹtì ní Dartford. Kí ẹ̀gbọ́n bá mi fi rẹ́ǹtì oṣù mẹ́fà wé ìyẹn, kó wá sọ èyí tó jóná jù.

Òun náà dáhùn pé ẹni tó bá ń bẹ̀rù òtútù kó padà sí Òṣogbo. Ẹ̀rín pa mí. Kò kàn mí.

* * *

Arákùnrin kan láti Manchester ní kí ọkàn yín balẹ̀, pé ẹni tó kọ́kọ́ ń ra ilé ò ní san kọ́bọ̀ stamp duty, owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ilé rírà, títí dé £300,000.

Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ lẹ kọ́kọ́ ń ra ilé. Ibí gan-an ni òfin yìí ti di ọ̀rọ̀ àwa ọmọ Yorùbá. Kò sọ pé ilé àkọ́kọ́ ní England o. Ilé àkọ́kọ́ níbikíbi láyé ló wí. Bí ọkọ yín bá ti kọ́lé sí Ìkòròdú, ilé ni. Bẹ́ ẹ bá jogún ìpín nínú ilé bàbá yín ní Ìbàdàn, ilé ni. Ì báà jẹ́ pé ẹ ò sun ibẹ̀ rí, kó jẹ́ ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi £240,000 yín ṣe ìṣirò. Ẹni tí kò nílé rí: òdo. Ẹni tó ti nílé rí ṣùgbọ́n tí kò ní in mọ́: òdo lórí £125,000 àkọ́kọ́, 2% lórí £115,000 tó kù, £2,300 nìyẹn. Ẹni tí ilé mìíràn ṣì wà lórúkọ rẹ̀, tí iye ìpín rẹ̀ nínú rẹ̀ tó £40,000 sókè: láti ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 2024, wọ́n á fi 5% lé gbogbo owó ilé náà. £12,000. Ẹ fi £2,300 kún un, £14,300. Èèyàn kan náà, ilé kan náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin yìí ka tọkọtaya sí ẹnì kan: ilé ọkọ ti di ilé ìyàwó.

Mo ti ń retí ìbéèrè tó kàn, ó sì dé: “Ta ló máa lọ wò ó ní Ìkòròdú?” Ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ síwèé. Lọ́yà yín á béèrè lọ́wọ́ yín lójúkojú, á sì gba statement báǹkì yín, níbi tẹ́ ẹ ti ń fowó ránṣẹ́ sí bíríkìlà láti ọjọ́ yìí. Mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn irọ́. Ẹ sọ òótọ́, kẹ́ ẹ wá ní kí sọ́féyọ̀ ní Nàìjíríà díye lé ilé náà lónìí, lórí ìwé. Bí náírà ṣe já yìí, ilé tí ẹlòmíràn ń pè ní ilé ńlá lè má tó £40,000 mọ́, 5% yẹn á sì fò ó. Èmi ò rí ibòmíràn tí náírà ti ṣe wá lóore rí. Ti ilé ẹbí tí wọn ò tíì pín, ẹ jẹ́ kó di ti lọ́yà.

* * *

Ìyàwó wa padà wá: “Ilé Ìkòròdú ò sí, ilẹ̀ lásán la ní. £24,000 la ti kó jọ fún dípọ́síìtì, ṣùgbọ́n £9,000 nínú rẹ̀, àjọ tí ọkọ mi kó ní oṣù kẹfà ni. Ṣé kò sí wàhálà?”

Ilẹ̀ lásán, ẹ dúpẹ́. Àjọ, wàhálà wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. A jẹ́ obìnrin mẹ́rìndínlógún, £500 lóṣù lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ó kàn mí, àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù fowó ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ méjì: £7,500. Inú mi dùn, mo gbé statement lọ fún lọ́yà. Ọmọbìnrin kékeré kan ni, òyìnbó, ó níwà pẹ̀lẹ́. Ó fi bírò ka àwọn orúkọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbójú sókè.

“Ta làwọn wọ̀nyí?”

“Ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n.”

“Ṣé ẹ̀bùn ni wọ́n fún yín?”

“Rárá o.”

“Ṣé ẹ yá a ni?”

“Rárá.”

“Kí wá ni?”

“Ó kàn mí ni.”

Ó gbé bírò sílẹ̀. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń dùn mí. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé tó ni ojú rẹ̀ ń fi hàn pé òun ń rí owó tí wọ́n ń fọ̀. Mi ò dá a lẹ́bi. Òfin ní kó mọ ibi tí owó ti wá, bí kò bá sì béèrè, òun ni wọ́n máa mú. Mo ní láti gbé ìwé alájọ wa lọ, ìwé ọmọ iléèwé oníbúlúù báyìí, tí orúkọ àti àmì wà nínú rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Ó tún ní kí oníkálukú kọ lẹ́tà. Àwọn kan kọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀kan lóun ò fẹ́ kí orúkọ òun dé ọ́fíìsì lọ́yà kankan láyé. Ọ̀kan kọ ọ́ báyìí: “Mo ti fún un lówó rẹ̀, kó má yọ mí lẹ́nu mọ́.” Lọ́yà ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ̀rọ̀ yìí gbà, ẹni tó ń ta ilé sì ti ń bínú.

Nítorí náà: ẹ wá ìwé alájọ yín nísinsìnyí. Ẹ má jẹ́ kí £9,000 yẹn kúrò nínú àkáǹtì tó wà. Ẹ sọ fún lọ́yà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n tó bi yín. Tí ẹ bá sì ń wá mortgage, ẹ wo físà yín: bẹ́ ẹ kò bá tíì ní ìwé ìgbélé ayérayé, àwọn báǹkì kan máa béèrè ju 10% lọ.

* * *

“Mo gbọ́ pé òkun ń jẹ ilẹ̀ ibẹ̀.” Ẹnì mẹ́ta ló ti béèrè èyí báyìí, ọ̀kan nínú wọn, ará Ìlàjẹ ni. Ẹni tó bá ti rí ohun tí omi fojú Ayétòrò rí, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rù rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ń jẹ ẹ́. Bẹ́ ẹ bá gbé àwọn ọmọ lọ sí Naze, ní òpin ìlú níhà àríwá, ẹ máa rí ilé kọnkéré tí àwọn sójà kọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú yanrìn, omi ń wọlé ń jáde lójú ihò ìbọn. Orí òkè ni wọ́n kọ́ ọ sí o. Ilẹ̀ ló yà lábẹ́ rẹ̀. Nǹkan bíi mítà méjì ni bèbè yẹn ń pàdánù lọ́dún. Lókè rẹ̀ ni ilé ìṣọ́ oníbíríkì kan wà, mítà 26 ní gíga, tí wọ́n kọ́ ní 1720 kí àwọn atukọ̀ lè fi mọ ọ̀nà. Ní 2011 wọ́n kó òkúta ńláńlá sí ìdí bèbè kí òkun má bàa gbé e lọ. Ibi tí òkúta dé, ó dúró. Ibi tí kò dé, ilẹ̀ ń lọ. Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn ibẹ̀, nítorí bí bèbè bá ti ya, eyín àkurákudà tó ti di òkúta á jábọ́ sórí yanrìn. Mo ní wọn kún agolo bọ́tà kan.

Ṣùgbọ́n Naze kọ́ ni gbogbo Walton. Odi ìdènà òkun wà níwájú ìlú, ilé yín sì lè jìnnà sí bèbè. Ohun tẹ́ ẹ máa béèrè ni orúkọ òpópónà yín gan-an, àti ohun tí Shoreline Management Plan sọ nípa etíkun tó sún mọ́ ọn. Ètò yẹn ló ń sọ ibi tí ìjọba fẹ́ kí odi máa dúró àti ibi tí wọ́n ti yọwọ́. Ẹ kà á fúnra yín, ẹ má fi sílẹ̀ fún ejẹ́ǹtì. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí òkun bá gbé ilé yín, kò sí owó gbà-má-bínú. Ìnṣọ́ránsì ilé kì í sábà san án. Ẹ̀yin tún lẹ máa san owó àtiwó o kó tó já. Ohun tí káńsù lè rí gbà fún yín lọ́wọ́ ìjọba láti fi wó o ò ju £6,000 lọ. Àwọn ará Hemsby ní Norfolk mọ̀ ọ́n: ilé lọ níbẹ̀ ní 2013, ó tún lọ ní 2018, ó tún lọ ní 2023.

Omíyalé lọ̀tọ̀. Àwọn èèyàn máa ń wo iwájú, níbi tí òkun wà, wọ́n á ní ilé àwọn jìnnà. Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kìíní 1953, nígbà tí omi Òkun Àríwá kún wọ England tó sì pa èèyàn tó lé ní 300, ẹ̀yìn ni omi gbà wọ Jaywick, ìlú tó wà nísàlẹ̀ Clacton. Ó gba orí ilẹ̀ àbàtà wá. Èèyàn tó lé ní 30 kú níbẹ̀ nìkan. Ilẹ̀ àbàtà ńlá wà lẹ́yìn Walton náà. Torí náà ẹ tẹ postcode ilé náà sójú ìwé ìjọba tó ń sọ ewu omíyalé, ọ̀fẹ́ ni, ìṣẹ́jú méjì ni. Bí ewu bá wà tí ilé náà sì ti wà ṣáájú 2009, Flood Re, ètò tó ń ti ìnṣọ́ránsì omíyalé lẹ́yìn, lè jẹ́ kẹ́ ẹ rí ìnṣọ́ránsì tí kò wọ́n jù. Ètò yẹn bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ó sì máa parí ní 2039. Mortgage ọdún 25 tẹ́ ẹ bá gbà lónìí máa kọjá ibẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

* * *

Kíákíá, fún àwọn tó ń fi àwòrán ilé ránṣẹ́ sí mi:

Ilé £45,000 tó ní yàrá méjì, tó rí òkun, ahéré ìsinmi ni. Ilẹ̀ kì í ṣe tiyín, ẹ ó máa san owó ilẹ̀ lọ́dọọdún, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbé ibẹ̀ láti oṣù kìíní dé ìkejìlá, báǹkì ò sì ní yá yín lówó lé e. Ẹni tó bá ń tà á fún yín bí ilé ń tàn yín jẹ.

Fúláàtì £120,000 tó kọjú sí òkun: ọdún mélòó ló kù lórí lease, ìwé tó sọ iye ọdún tí fúláàtì fi jẹ́ tiyín? Bó bá ti wọ abẹ́ 80, owó àtifi ọdún kún un á gun òkè. Èló ni service charge, owó ìtọ́jú ilé? Ilé tó kọjú sí òkun, àkàbà àwọn akunlé kì í kúrò lára rẹ̀, gbogbo yín lẹ ó sì jọ san án.

Arákùnrin tó fẹ́ ra ilé Jaywick ní gbàǹjo láti fi háyà: ìjọba ka apá kan ibẹ̀ sí ibi tí ìṣẹ́ ti pọ̀ jù ní gbogbo England, ní 2010, ní 2015, ní 2019. Èèyàn dáadáa ló ń gbé ibẹ̀, mo ń tọ́jú ìyá wọn. Ṣùgbọ́n ní gbàǹjo, bí òòlù bá ti lulẹ̀, ẹ ti rà á: 10% lójú ẹsẹ̀, ìyókù láàárín ọjọ́ 28 lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ lọ wò ó lẹ́sẹ̀ kẹ́ ẹ tó nawọ́.

* * *

“Àǹtí, ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni Farage, olóṣèlú tó ń tako kí àjèjì máa wọ̀lú, ti wọlé ìbò?”

Ibẹ̀ ni. Oṣù keje 2024, Clacton, Walton sì wà lábẹ́ Clacton. Ní 2016 náà, nǹkan bíi 70% nínú àwọn tó dìbò ní Tendring, agbègbè káńsù wa, ló ní kí Britain jáde kúrò nínú EU. Mi ò ní fi pamọ́ fún yín.

Àwọn kan ní kẹ́ ẹ má dé ibẹ̀ rárá. Àwọn kan ní kò sí nǹkan kan, òyìnbó ibẹ̀ dáa ju ti Lọ́ńdọ̀nù lọ. Èmi ò sí lẹ́yìn ẹgbẹ́ kankan. Bàbá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo mọ ẹni tó dìbò fún, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé. Bàbá yìí kan náà ló ń gbé bíìnì mi jáde ní gbogbo Wẹ́sìdeè tí mo bá wà níṣẹ́ alẹ́, òun ló sì kọ́ ọmọ mi ní kẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí dúró tì mí nídìí bọ́ọ̀sì, ó ní ìgbà wo ni mò ń lọlé. Mo ní tí bọ́ọ̀sì bá dé. Méjèèjì ni Walton.

Ohun tó ń lé àwọn èèyàn wa lọ jù, ìdánìkanwà ni. Láti 2022 tí wọ́n ti ṣí físà care sílẹ̀, àwọn ọmọ wa kún inú ilé ìtọ́jú arúgbó káàkiri àwọn ìlú etíkun, ó ti fẹ́ẹ́ dà bíi pé ọjà ti kún. Nígbà tó di oṣù kẹta 2024, ìjọba ní àwọn tuntun ò lè kó ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ wá mọ́. Oṣù keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó wà lókè òkun. Ẹni tẹ́ ẹ bá bá dọ́rẹ̀ẹ́ lónìí lè gba iṣẹ́ sí Leeds lọ́la. Ṣọ́ọ̀ṣì wa, Colchester la ti ń ṣe é. Ẹ̀lùbọ́ náà, ibẹ̀. Tí mo bá fẹ́ irú tó ṣe é fojú rí, Woolwich yín ni mò ń wá.

Fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín tó ní òpin ayé ni: ẹ sọ fún wọn pé Frinton, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pẹ́kípẹ́kí, kò ní ilé ọtí kan ṣoṣo títí di 2000. Kí wọ́n fi wé Woolwich.

* * *

Ẹ̀gbọ́n Dagenham tún dé, lórí survey, àyẹ̀wò ilé kí èèyàn tó rà á. Ó ní owó òfò ni, báǹkì ti rán ẹni tirẹ̀ wá wo ilé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ibí yìí ni mo ti jẹ ìyà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹni tí báǹkì rán, iṣẹ́ báǹkì ló wá ṣe. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá bí mo bá kú, báǹkì á rí owó rẹ̀ gbà. Ó lo ìṣẹ́jú ogún nínú ilé mi. Èmi náà ní ó ti tó. Ilé tí wọ́n kọ́ ní ọdún àwọn 1930 ni, ògiri méjì tí àlàfo wà láàárín wọn, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló so wọ́n pọ̀. Lọ́dún kẹta, mo rí ìlà kan lára ògiri ìta, tó gùn gbọọrọ, láàárín ìlà bíríkì kan sí èkejì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìlà mìíràn lókè rẹ̀. Bíríkìlà yọ bíríkì kan, ó ki ọwọ́ bọ inú ihò, ó mú irin yẹn jáde. Ó rún sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí àkàrà tó gbẹ. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ ti ń jẹ ẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí ìyá mi. Nígbà tí irin bá dípẹtà, ó ń wú, òun ló ń gbé bíríkì sókè. £6,800 ni mo san kí wọ́n tó fi irin tuntun rọ́pò gbogbo rẹ̀.

Survey Level 3, àyẹ̀wò tó jinlẹ̀ jù, tí mi ò san, kì bá tí gbà ju £900 lọ. Ilé àtijọ́ létíkun, Level 3 ni. Kẹ́ ẹ sì sọ fún sọ́féyọ̀ tààrà pé kó wo irin inú ògiri.

Ṣùgbọ́n ẹ má sáré san án ṣáá. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹni tó ń ta ilé ní “mo gbà” kò tíì so ó mọ́lẹ̀. Títí ẹ ó fi pààrọ̀ ìwé àdéhùn, ó lè ta á fún ẹlòmíràn tó fi £5,000 lé tiyín. Wọ́n ṣe é fún mi lórí ilé àkọ́kọ́ tí mo fẹ́. Owó lọ́yà àti owó ìwádìí, ó lọ bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ rí i pé wọ́n ti yọ ilé náà kúrò lójú fèrèsé ejẹ́ǹtì kẹ́ ẹ tó pe sọ́féyọ̀.

* * *

Ti ọkọ̀ ojú irin, ọkọ yín ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Láti Walton, ẹ ó pààrọ̀ ọkọ̀ ní Thorpe-le-Soken, ẹ ó dé Liverpool Street láàárín wákàtí kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ tó tún wọ ọkọ̀ lọ sí Woolwich. Fún ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, àwọn kan ní ó ṣe é ṣe. Mo ṣe é fún oṣù mẹ́jọ. Lọ́jọ́ tí mo sùn kọjá Thorpe-le-Soken tí mo jí sí Clacton ní aago mọ́kànlá alẹ́, nínú aṣọ iṣẹ́, òjò ń rọ̀, ni mo kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ sórí fóònù. Long day wákàtí méjìlá, ẹ fi wákàtí márùn-ún kún un. Ẹ wáṣẹ́ sí Colchester. Ilé ìwòsàn ńlá tó sún mọ́ wa jù wà níbẹ̀ náà, ó lé ní máìlì 15, ẹ sì mọ ìyẹn bí ọmọ bá ń gbóná lóru.

* * *

Ìyàwó wa kọ̀wé lánàá: “Àǹtí, a lọ ní ọjọ́ Túsìdeè bẹ́ ẹ ṣe wí. Òjò pa wá. Ọkọ mi ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Colchester. Ó wá ní òun ṣì fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ká háyà ná. A ti rí ilé kan nítòsí stéṣọ̀n, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ó gba kọ́kọ́rọ́. Ilé £240,000 yẹn ṣì wà lójú fèrèsé.”

Mo sọ fún yín pé ó máa wà níbẹ̀. Wọ́n á ti yọ £10,000 kúrò lórí rẹ̀ kó tó di ọdún Àjíǹde, ẹ máa wò ó.

Ẹ má ra freezer. Méjì ló wà lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan ṣófo. Ẹ kàn bá mi ra ẹ̀lùbọ́ àpò mẹ́ta bọ̀ láti Woolwich, àti irú, kẹ́ ẹ dì í dáadáa. Bàbá ẹ̀gbẹ́ mi ti béèrè lẹ́ẹ̀kan bóyá nǹkan kú sábẹ́ ilé mi.